Sàláàdì Caesar nílé: báwo la ṣe ń po ọbẹ̀ rẹ̀, wáìnì wo ló sì bá a lọ?

Ìyá_Tómi (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lónìí. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi mẹ́fà ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Sátidé. Ọkọ mi ní sàláàdì Caesar (lẹ́túùsì, búrẹ́dì yíyan àti wàràkàṣì tí a fi ọbẹ̀ pò) ni kí n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kí ẹran tó dé. Èyí tí mo máa ń ṣe, ọbẹ̀ funfun inú ìgò tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń dà lé e lórí. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi po ọbẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kó là mí lọ́yẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti wáìnì. Nígbà tí a jẹ ẹ́ kẹ́yìn, wáìnì pupa la mu sí i. Wáìnì dára láyè ọ̀tọ̀, sàláàdì dára láyè ọ̀tọ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe pàdé lẹ́nu báyìí, ńṣe ló dà bíi pé mo ń lá irin. Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á? Wáìnì wo ni kí n wá rà, tí owó rẹ̀ kò ní ga ju ara lọ?

Kọ́lá_Alásè (Èkó)

Ìyá Tómi, ẹ kú ìmúra àlejò o. Alásè ni mí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Victoria Island, kò sí ọjọ́ kan tí wọn kì í béèrè sàláàdì yìí lọ́wọ́ wa. Ti wáìnì, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ á dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọbẹ̀.

Ẹ̀yin mẹ́jọ lẹ máa jẹun. Ẹ wá pupa ẹyin méjì, ẹyọ aáyù méjì (ẹyọ o, kì í ṣe odidi orí aáyù), ẹyọ mẹ́jọ nínú ẹja anchovy alágolo, ṣíbí tíì méjì mọ́sítáàdì Dijon, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin omi ọsàn wẹ́wẹ́, mílílítà 240 òróró, àti gíráàmù 80 wàràkàṣì Parmesan tí ẹ fúnra yín rin. Ẹ lè kán sọ́ọ̀sì Worcestershire ṣíbí tíì kan sí i.

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tẹ aáyù àti ẹja pọ̀ lórí pákó pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ títí yóò fi kúnná. Ẹ kó o sínú abọ́ fífẹ̀, ẹ da pupa ẹyin, mọ́sítáàdì àti omi ọsàn sí i, ẹ pò wọ́n pọ̀. Ìgbà yìí ló wá kan òróró, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ má ṣe dà á gbàà. Ẹ jẹ́ kó máa kán tó, tó, tó, kí ẹ sì máa fi fọ́ọ̀kì lu ọbẹ̀ náà láìdúró. Tó bá ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin òróró náà, ẹ ó rí i tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà: kò ní dán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, á funfun díẹ̀, á ki, ipa eyín fọ́ọ̀kì á sì máa dúró lára rẹ̀ kó tó parẹ́. Bó bá ti débẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ máa da ìyókù ní tín-ín-rín. Kí ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà máa yí kiri, nítorí ọwọ́ kan ló ń da òróró, ọwọ́ kejì ló ń lù ú.

Ohun tó ń mú kó ki ni pé nǹkan kan wà nínú pupa ẹyin tí wọ́n ń pè ní lecithin. Apá kan rẹ̀ máa ń dì mọ́ omi, apá kejì máa ń dì mọ́ òróró, òun ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí òróró bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní rí i mú. Bí tiyín bá yà, tí òróró léfòó, ẹ má dà á nù. Ẹ mú pupa ẹyin kan sínú abọ́ mìíràn, kí ẹ máa fi ṣíbí bu èyí tó yà náà sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa lù ú. Á padà bọ̀ sípò.

Òróró ólífì nìkan máa ń le jù lẹ́nu. Ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń lò pẹ̀lú ìdajì òróró tí kò ní òórùn. Ẹ má sì lo bùlẹ́ńdà fún òróró ólífì tó jẹ́ ojúlówó, nítorí bí abẹ rẹ̀ ṣe ń sáré gé e máa ń mú kó korò.

Mo ń bọ̀ wá sọ ti ewé àti búrẹ́dì. Wọ́n ń pè mí.

Délé_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú àpérò o. Ilé ìtajà wáìnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ìyá Tómi, ahọ́n yín kò parọ́ fún yín, irin lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Mercian ní Japan gbé èsì ìwádìí jáde lórí ìdí tí wáìnì fi máa ń mú kí ohun inú òkun rùn lẹ́nu. Irin tó yòrò sínú wáìnì ni wọ́n rí. Bí irin náà bá ṣe pọ̀ tó ni òórùn ẹja ṣe ń le tó. Wáìnì pupa ló sábà máa ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáìnì funfun kan lè ní irin bẹ́ẹ̀. Ẹja anchovy wà nínú ọbẹ̀ yín, ọ̀rá rẹ̀ sì pọ̀. Bí wáìnì pupa bá bá a pàdé, ohun tí ẹ bá pàdé lẹ́nu yẹn ló máa ń fà.

Yàtọ̀ sí ti irin, wáìnì pupa tún ní tannin, èyí tó ń mú ẹnu gbẹ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá bi mí nípa sàláàdì ni pé kí wọ́n má wo ewé, ọbẹ̀ ni kí wọ́n wò. Lẹ́túùsì kò ní ohun tó fẹ́ bá wáìnì jà. Omi ọsàn ló ní in. Bí oúnjẹ bá kan ju wáìnì lọ, wáìnì á tẹ́ lẹ́nu, gbogbo adùn èso inú rẹ̀ á sá lọ. Nítorí náà, ẹ wá wáìnì tó kan tó ọbẹ̀ náà, tàbí tó kan jù ú lọ díẹ̀. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, iyọ̀ á mú wáìnì náà dẹ̀, wáìnì á sì gé ọ̀rá ẹyin àti òróró kúrò lórí ahọ́n, ẹnu á mọ́, ẹ ó sì fẹ́ bu òmíràn sẹ́nu.

Wáìnì funfun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Chablis láti Burgundy ní ilẹ̀ Faransé ni mo fẹ́ràn jù: èso Chardonnay ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kò rí inú àgbá igi tuntun, kíkan rẹ̀ sì mọ́ dáadáa. Owó rẹ̀ nìkan ni. Sauvignon Blanc náà dára, yálà ti Sancerre ní Faransé, ti Marlborough ní New Zealand tàbí ti Gúúsù Áfíríkà. Soave láti ẹ̀bá Verona ní Ítálì náà ń ṣe jẹ́ẹ́, kì í pariwo. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí àlejò yín rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà, ẹ ra Cava ti Sípéènì tó ń hó. Ìhó yẹn ń fọ ọ̀rá nù ju ohunkóhun lọ.

Fún Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ọ̀kan pàtó: Chenin Blanc ti Gúúsù Áfíríkà. Èso yìí ni wọ́n gbìn jù lọ níbẹ̀, kì í wọ́n, ó sì kan. Àmọ́ ẹ ka ara ìgò. Kí wọ́n kọ «dry» sí i. Oríṣi Chenin tó dùn bíi ṣúgà wà, ìyẹn kò ní bá ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ́.

Ọmọ_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ béèrè tọkàntọkàn: kí ló ṣe sàláàdì tiwa? Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, ẹyin sísè, ẹ̀wà inú agolo, sàdíìnì, kúkúńbà, kí a wá da sàláàdì kíríìmù lé e. Ọjọ́ Kérésìmesì, ọjọ́ ìgbéyàwó, òun là ń jẹ. Ṣé kò ní wáìnì tirẹ̀ ni? Àbí àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wáìnì mọ̀?

Délé_Peckham

Ọmọ Ẹ̀gbá, ìbéèrè yín dára gan-an, ó sì ní èsì. Ẹ wo sàláàdì kíríìmù: fínígà wà nínú rẹ̀, ṣúgà náà wà nínú rẹ̀, kò sì kéré. Ẹ̀wà inú agolo náà ní ṣúgà nínú tòmátò rẹ̀. Oúnjẹ tó bá dùn máa ń jẹ́ kí wáìnì tí kò dùn kan bí ẹni máa bẹ́ ẹnu. Nítorí náà Chablis tí mo ń yìn lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣe é jókòó tì sàláàdì wa. Wáìnì tó ní dídùn díẹ̀, tó sì tún kan, ni kí ẹ wá. Riesling láti Mosel ní Jámánì tí wọ́n kọ «Kabinett» sí lára ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, ọtí inú rẹ̀ sì sábà máa ń kéré, nǹkan bíi 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti gbé e kalẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan níbí, sàláàdì wa ló wà lórí tábìlì, ìgò náà sì tán kí ìrẹsì tó dé.

Sàláàdì tiwa kò rẹ̀yìn. Ọbẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ ni, wáìnì rẹ̀ náà sì yàtọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_SanDiego

Ẹ káàsán níbẹ̀ o, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wa. Ibi tí mò ń gbé kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti dá sàláàdì yìí sílẹ̀, mo sì fẹ́ràn ìtàn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé Caesar ọba Róòmù ni. Kì í ṣe òun. Caesar Cardini ni, ọmọ Ítálì tó ṣí ilé oúnjẹ sí Tijuana ní Mẹ́síkò. Láti 1920 títí di 1933, òfin Amẹ́ríkà ka ọtí títà léèwọ̀. Àwọn ará San Diego àti àwọn òṣèré Hollywood wá ń sọdá ibodè lọ sí Tijuana láti mu ọtí wọn ní gbangba. Ọtí ló gbé èrò dé ọ̀dọ̀ Cardini. Ohun tí Rosa ọmọ rẹ̀ sọ ni pé ní 4 Oṣù Keje 1924, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, èrò pọ̀ débi pé oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílé ìdáná, bàbá rẹ̀ sì kó ohun tó kù jọ, ó ń pò ó lójú oníbàárà. Julia Child, alásè tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, sọ pé òun jẹ ẹ́ níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí àwọn òbí òun mú òun lọ.

Àwọn mìíràn náà ní àwọn làwọn dá a sílẹ̀. Alex, àbúrò Caesar, wà lára wọn, Livio Santini tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná wọn náà wà lára wọn. Mi ò ní lè dájọ́ ìyẹn.

Ilé oúnjẹ náà ṣì wà ní Avenida Revolución, ìdílé Plascencia ló gbà á ní 2010. Mo ti jẹun níbẹ̀. Iwájú yín ni agbáwo ti máa ń ṣe é, nínú abọ́ igi ńlá kan tó ti dúdú nítorí òróró. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ẹja àti aáyù mọ́ abọ́ náà, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó lu ẹyin, òróró ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè bí okùn. Kò gé ewé romaine (lẹ́túùsì gígùn) rárá! Odidi ni wọ́n gbé e sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú ìdí rẹ̀ jẹ ẹ́. Mo mu wáìnì funfun ti Valle de Guadalupe sí i. Àfonífojì yẹn wà nítòsí Ensenada, agbègbè Baja California yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì Mẹ́síkò ti ń wá. Láti 1888 ni ilé wáìnì Santo Tomás ti wà níbẹ̀. Wáìnì náà tutù, ó kan, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Kọ́lá, ìbéèrè kan nìkan: Rosa sọ pé bàbá òun kò fi anchovy sí i, pé inú sọ́ọ̀sì Worcestershire ni adùn ẹja rẹ̀ ti wá. Kí ló dé tí ẹ fi wá ń kó ẹyọ mẹ́jọ sí i?

Kọ́lá_Alásè

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ lẹ sọ, èmi náà ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Anchovy wà nínú Worcestershire lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí sàláàdì yìí, ilé oúnjẹ yẹn gan-an náà ti ń fi anchovy sí i, ẹ̀yin náà rí i lójú yín. Mo dúró lórí rẹ̀. Láìsí i, ọbẹ̀ náà máa ń kan lásán, kò ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹja tó hàn kó lo mẹ́rin.

Ó yá, ti ewé. Romaine ni ewé rẹ̀: ó gùn, egungun àárín rẹ̀ nípọn, ó ń ró lẹ́nu. Orí mẹ́rin á tó yín. Ọ̀pọ̀ lẹ́túùsì tó ń wọ Mile 12 níbí, agbègbè Jos ló ti ń wá, ìrìn náà jìn, oòrùn sì máa ń bà á jẹ́, ẹ lọ sọ́jà láàárọ̀. Bí ẹ kò bá rí romaine, èyí tó dì bíi kábéèjì dára ju èyí tí ewé rẹ̀ rọ̀. Ewé rírọ̀ kò lè gbé ọbẹ̀ tó ki báyìí, kò ní pẹ́ tó fi máa rọ wọ̀ọ̀.

Ẹ ṣí ewé náà ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi mímọ́ tó ń ṣàn, nítorí iyanrìn máa ń fara pamọ́ sí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ ẹ́! Ibi tí ọ̀pọ̀ sàláàdì ti ń bàjẹ́ nìyí. Omi tó bá kù lára ewé kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ mímọ́, ẹ to ewé sí i, ẹ ká a jẹ́jẹ́, ẹ gbé e sínú fíríìjì pẹ̀lú aṣọ náà fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Nígbà tí ẹ bá mú un jáde, á ti tutù, á sì le.

Búrẹ́dì: ẹ má lo Agége fún èyí. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, á ti jó níta kí inú tó gbẹ. Ẹ wá búrẹ́dì tí kò dùn, tó ti sùn mọ́jú, ẹ gé e sí ègé kéékèèké, ẹ fi òróró tí ẹ ti rẹ aáyù sí pò ó, ẹ yan án nínú óófùn ní 190°C fún ìṣẹ́jú 10 sí 12. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan láàárín.

Àlájà_Mọríà (Ìlọrin)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀kọ́ ńlá ni mò ń kọ́ níbí. Mo ní ìbéèrè méjì. Ìkíní, ẹyin tútù yẹn ń bà mí lẹ́rù, ọmọ mi obìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi lóyún. Ìkejì, a kì í mu ọtí nílé wa. Kí ni a lè mu sí i tí yóò ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ ní wáìnì ń ṣe?

Kọ́lá_Alásè

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe lásán. Kòkòrò salmonella lè wà nínú ẹyin. Ní ìgbà Cardini, ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi ń bọ ẹyin náà, ìyẹn kò tó láti pa kòkòrò. Fún aboyún, ẹ má lo ẹyin tútù níbí rárá. Ẹ mú máyónéèsì inú ìgò, ṣíbí ìjẹun mẹ́fà. Ẹyin tí ilé-iṣẹ́ ti fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ìgò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá po aáyù, ẹja, ọsàn wẹ́wẹ́ àti wàràkàṣì mọ́ ọn. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti ìṣáájú.

Nǹkan méjì tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nítorí ẹ̀sìn yín. Mọ́sítáàdì Dijon, wọ́n lè fi wáìnì funfun ṣe é, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i kí ẹ tó rà á. Wàràkàṣì Parmigiano-Reggiano ti Ítálì (Parmesan tòótọ́ nìyẹn), ohun tí wọ́n fi ń mú wàrà rẹ̀ dì máa ń wá láti inú àpòlúkù ọmọ màlúù. Bí èyí bá ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ wá wàràkàṣì líle mìíràn tí wọ́n kọ sí i pé ohun ọ̀gbìn ni wọ́n fi mú un dì.

Délé_Peckham

Àlájà, mo dọ̀bálẹ̀ o. Lórí ẹyin, níbí ní Bìrìtìkó, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ sọ ní 2017 pé aboyún lè jẹ ẹyin tí kò jinná bí ó bá ní àmì kìnnìún lára. Àwọn adìẹ ibẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ẹyin ọjà tiwa nílé kò ní àmì yẹn, nítorí náà ohun tí Kọ́lá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ti mímu: sóbò ni. Ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, nítorí bó bá pẹ́ jù á máa mú ẹnu gbẹ. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ wá fi omi tútù tó ní gáàsì (kì í ṣe omi gbígbóná) là á ní ìdajì-ìdajì kí ẹ tó gbé e síwájú wọn. Kíkan rẹ̀ á bá ọsàn wẹ́wẹ́ dọ́gba, ìhó á sì gé ọ̀rá. Ọ̀nà kan náà ni pẹ̀lú wáìnì.

Àlájà_Mọríà

Ọlọ́run á bù kún yín. Sóbò wà nílé wa. Màá ṣe é.

Ìyá_Tómi

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti lọ sọ́jà. Romaine wà. Mo rí Chenin Blanc ti Gúúsù Áfíríkà, wọ́n kọ «dry» sí i, mo ra ìgò méjì. Mo tún rí ọ̀kan tí wọ́n fi sínú àgbá igi, owó rẹ̀ ga jù ú lọ, oníṣọ́ọ̀bù ní òun ló dára jù, àmọ́ mo fi sílẹ̀ ná. Anchovy ni mi ò rí rárá. Sàdíìnì ló wà. Wàràkàṣì tí mo rí jẹ́ èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ike aláwọ̀ ewé. Ṣé kí n rà á? Ọkọ mi tún ní kí n gé adìẹ yíyan sí i. Iná náà kò dúró rárá lọ́sẹ̀ yìí, báwo ni wáìnì ṣe máa tutù?

Kọ́lá_Alásè

Ẹ má ra ti inú ike bí ẹ bá lè rí odidi ègé rẹ̀. Wọ́n máa ń po cellulose (ìyẹ̀fun tí wọ́n ń rí lára ewéko) mọ́ èyí tí wọ́n ti lọ̀ kó má baà dì, kì í yọ́ sínú ọbẹ̀ bó ṣe yẹ. Parmesan tòótọ́, ó kéré tán oṣù 12 ló ti lò lórí pákó kó tó dọ́jà, adùn inú rẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Ègé kékeré kan tó. Ẹ má sì fi wàrà àwọn Fúlàní rọ́pò rẹ̀. Mo fẹ́ràn wàrà gan-an, àmọ́ tútù ni, kò ní iyọ̀ àti gbígbó tí sàláàdì yìí ń wá.

Sàdíìnì lè ṣe é. Ẹ sẹ́ òróró rẹ̀, ẹ yọ egungun rẹ̀, ẹja mẹ́ta nínú agolo náà tó. Kò gbó, kò sì ní iyọ̀ bíi ti anchovy, nítorí náà ẹ sọ Worcestershire di ṣíbí tíì méjì, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ kún un.

Lórí adìẹ: ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un. Ẹran ń bọ̀ lẹ́yìn, kò yẹ kí àlejò yó sórí sàláàdì.

Àbẹ̀kẹ́_SanDiego

Mo faramọ́ ti Kọ́lá lórí adìẹ. Èyí tí mo jẹ ní Tijuana kò ní adìẹ nínú, mi ò sì wá a.

Délé_Peckham

Ìyá Tómi, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àgbá igi máa ń fún wáìnì ní adùn fànílà àti òórùn igi yíyan, kì í sì í bá omi ọsàn rẹ́. Bó bá jẹ́ pé adìẹ àti wàràkàṣì ló pọ̀ jù nínú sàláàdì náà, tí ọsàn rẹ̀ sì kéré, mi ò bá ní kí ẹ rà á. Owó tó ga kò ní kí ó bá oúnjẹ mu.

Ìgò kan máa ń kún gíláàsì márùn-ún, tí gíláàsì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mílílítà 150. Ìgò méjì yín á kárí ẹni mẹ́jọ fún sàláàdì. Wáìnì pupa kí ó dúró de ẹran.

Ti iná: ẹ ra yìnyín. Ẹ kó o sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ da omi sí i, ẹ bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i, ẹ wá ti ìgò bọ̀ ọ́ dé ọrùn. Iyọ̀ máa ń mú kí omi yìnyín náà tutù ju bó ṣe yẹ lọ, omi sì ń fọwọ́ kan gbogbo ara ìgò, ohun tí yìnyín nìkan kò lè ṣe. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wáìnì ti ṣe é mu. 8 sí 10°C lẹ ń wá. Bó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ìyá_Tómi

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé mo lè po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó dé, kí n lè jókòó ti àlejò?

Kọ́lá_Alásè

Ọbẹ̀ nìkan ni kí ẹ pò sílẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé ni, kí ẹ bò ó, kí ó wọ ibi tó tutù, bí iná kò bá sì dúró, inú kúlà tí yìnyín wà ni kó wà. Nítorí ẹyin tútù, èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ dà á nù, ẹ má tọ́jú ẹ. Búrẹ́dì náà, ẹ yan án láàárọ̀, kó tutù tán kí ẹ tó fi í sínú ike tó ní ìdérí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rọ̀.

Ewé àti ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdé títí gbogbo wọn á fi jókòó. Ẹ bu ìdajì ọbẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́ tó tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ da ewé lé e, ẹ fi ọwọ́ mímọ́ gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè títí gbogbo ewé á fi ní ọbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lára. Ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́: bí ọbẹ̀ kò bá dúró níbẹ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un, bó bá dúró, ó ti tó. Ẹ da ìdajì wàràkàṣì àti búrẹ́dì sí i, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ da ìyókù wàràkàṣì sórí pẹ̀lú ata dúdú lílọ̀, kí ẹ ní kí ọkọ yín máa bu wáìnì bí ẹ ṣe ń gbé e jáde.